Pèpéle Etí Kànga

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Èrèlé 2025
A dé abúlé náà, lẹ́yìn Mọ́níyà. Ọ̀kadà gbọ̀n wá bí ẹni ń ku èlùbọ́. Èmi tí mò ń kọ́ dìsáìnì, Mahfuz tó ń kọ́ ẹnjiníà — Sìmẹ́ǹtì ni mo sọ ọ́ — àti Rùqáyyàh tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Dókítà Morónikẹ́, olùkọ́ wa, ló so wá pọ̀ ká lè wá ojútùú sí ìṣòro kan níbẹ̀. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ya ohunkóhun fún ọjọ́ mẹ́rin. Ká máa wò. Orí mi sì ti kún fún àwòrán!

Ọjọ́rú, 5
Wíwò, wíwò. Ó ti sú mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo rí i. Fàdìlàt, aboyún oṣù méje. Ó pọnmi tán ní kànga, kò rẹ́ni bá a gbé e rù, àwọn yòókù ti lọ sóko. Ó dá garawa gbé nílẹ̀. Ó di ikùn mú. Rùqáyyàh sáré lọ bá a. Fàdìlàt wí fún un ní jẹ́jẹ́ pé oyún kan ti bàjẹ́ lára òun lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rù bà mí gidi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Sìmẹ́ǹtì fẹ́ gbé ẹ̀rọ omi wá. Owó dà? Mo ní pèpéle ni: gbé garawa òfìfo lé e, fi ike rọ omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí o wá fi orí gbà á. Kò ní sí pé à ń bẹ̀rẹ̀ gbé omi nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìtìjú! A to búlọ́ọ̀kù dán an wò. Fàdìlàt nà, nà, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí, àgbà obìnrin ibẹ̀, wò mí látòkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àyà ta lo fi wọ̀n ọ́n?" Àyà èmi ni. Èmi tí mo ga bí igi ìbẹ́pẹ. Ẹ̀rín sọ létí kànga.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí to obìnrin mọ́kàndínlógún, wọ́n fi okùn wọ̀n wọ́n, wọ́n ta kókó síbi àyà kálukú. Kókó kóra jọ síbi méjì. Ó dáa — apá kan á ga, apá kan á rẹlẹ̀. Rùqáyyàh ní etí rẹ̀ ò gbọdọ̀ mú, nítorí ikùn aboyún. Èmi ì bá má rántí ìyẹn láyé!
Ìdí okùn yẹn ni Fàdìlàt ti la ẹnu sọ̀rọ̀ oyún tó bàjẹ́. Kò sọ fún wọn rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Pèpéle tá a mọ ti gbẹ. Fàdìlàt ló kọ́kọ́ lò ó. Kò bẹ̀rẹ̀ rárá. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Igbe
Ìyá Ọ̀ṣunwùnmí pè mí lórí fóònù, mo ti padà sí Ajíbọ́dé níbi tí mò ń gbé. "Fàdìlàt ti bí o. Obìnrin ni. Tìyá tọmọ, àlàáfíà ni wọ́n wà." Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá. Olúwa, mo dúpẹ́.
Mo wá fẹ́ fọ́nnu díẹ̀. Mo ní pèpéle wa mà ṣiṣẹ́ o. Wọ́n rẹ́rìn-ín.
"Fàdìlàt kẹ̀? Ọjọ́ tẹ́ ẹ wà níbí yẹn nìkan ló lò ó, kínú yín lè dùn. Látọjọ́ tá a ti gbọ́rọ̀ ẹ̀ nídìí okùn, àwa là ń pọnmi fún un."
Mo ní pèpéle ńkọ́?
"Àwa arúgbó là ń lò ó. Ẹ̀yìn mi ní kí n kí yín."
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.