Ìpín Tí Màmá Ń Yọ Sílẹ̀ fún Cornelius

Ilé D. 47,
Dichemso,
Kumasi,
Ghana.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1958.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Cornelius,

Báwo ni gbogbo ilé? Gladys ìyàwó wa ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ ilé ìwé kò tíì fi ariwo fọ́ ọ lórí? Ẹ kú òjò o. Níbí, òjò kò jẹ́ kí a rí aṣọ sá láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, gbogbo wa la wà ní àlàáfíà. Màmá ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń bá mi jà lórí iyọ̀ inú ọbẹ̀, nítorí náà ìwọ náà mọ̀ pé ara rẹ̀ le. Orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ gbọ́ràn mọ́. Kò lè dá rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì bí ti àtijọ́, àfi kí n mú un lọ́wọ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ sí Màmá náà dé, kò sí ohun tó ṣe é. Ó fọwọ́ pa á lára, ó yìn ọ́, ó sì kó o sínú àpótí lé àwọn yòókù lórí. Mo tún rí ibi tí o kọ ọ́ sí pé ó di ìgbà tí o bá kan òrùlé ilé tí o ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí o tó wá wò wá. O kọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá náà. Mo mọ̀ pé o máa ní mo ti bẹ̀rẹ̀. N kò fẹ́ fi ìjà ṣí lẹ́tà, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn fún ọ.

Àwa náà ti ń ṣe áísìkírímù nílé yìí báyìí. Má rẹ́rìn-ín. O mọ̀ pé ilé ìsinmi àwọn òyìnbó ni bàbá Kwasi, ọkọ mi, ti ń se oúnjẹ. Wọ́n ní garawa onígi kan níbẹ̀ tó ní agolo irin nínú àti ọwọ́ tí a fi ń yí i, òun ni wọ́n fi ń ṣe áísìkírímù fún àwọn àlejò. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun dé, wọ́n sọ garawa náà sẹ́yìn ilé, ọwọ́ rẹ̀ ti kán. Bàbá Kwasi tọrọ rẹ̀, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Alágbẹ̀dẹ kan ní Asafo bá a rọ ọwọ́ mìíràn sí i, láti ìgbà náà ni a kò ti sinmi lọ́jọ́ Sátidé mọ́.

Orí kẹ̀kẹ́ ló máa ń gbé yìnyín wálé, odidi kan bí òkúta, tí ó fi èérún pákó àti àpò wé. A ó fi ọmọ odó fọ́ ọ, a ó dà á yí agolo ká nínú garawa, a ó sì wọ́n iyọ̀ lé e lórí, iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi ní à ń da ọbẹ̀ oṣù kan nù. Mílíìkì, ẹyin àti ṣúgà la máa ń pò sínú agolo. Lẹ́yìn náà ni yíyí yóò bẹ̀rẹ̀. Bàbá Kwasi á yí i, èmi á gbà á, Abena náà á gbà á lọ́wọ́ mi. Abena ni obìnrin Asante tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ẹni tó ń ta nkatie kéèkì, ẹ̀pà tí a sè pọ̀ mọ́ ṣúgà tó gan paali yẹn, tí o máa ń tọrọ èérún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí ọwọ́ garawa bá wúwo tí kò fẹ́ yí mọ́, a mọ̀ pé ó ti dì nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, fànílà la ṣe, olóòórùn dídùn inú ìgò kékeré kan. Kwasi ọmọ mi, tí ìwọ kò tíì fojú rí, lá àwo rẹ̀ títí ó fi dà bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ti ṣokoléètì ni bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù. Ìlú kòkó la wà yìí o, àmọ́ inú agolo tó ti òkè òkun dé la ti ń bu ìyẹ̀fun kòkó. Èmi rò pé mo gbọ́n, mo gún ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí tèmi. Mílíìkì náà ya, a da gbogbo rẹ̀ nù, bàbá Kwasi kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Abena lọ ẹ̀pà yíyan sínú tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ɛyɛ dɛ papa.” Òótọ́ ni, ó dùn gan-an.

Màmá kọ́kọ́ ní òun kò ní fi eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu òun jẹ omi tó le. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé oníkálùkù ń yan tirẹ̀, ó ní ọ̀fìọ̀ ni kí a fi ṣe tòun. Abena ní háà, atadwe tí ẹ ń pè ní ọ̀fìọ̀ kọ́ ni òyìnbó fi ń ṣe é. Màmá rẹ ọ̀fìọ̀ mọ́jú, ó lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ lórí ọlọ, ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ funfun ju mílíìkì lọ. Cornelius, bí mo ṣe fi ṣíbí kan sẹ́nu báyìí, ọkàn mi padà sí ọ̀nà Asafo ní kíá.

Ṣé o rántí? Lọ́jọ́ Sátidé, bí Màmá bá ń ti ọjà bọ̀, àwa méjèèjì á ti lọ dúró ní ìyànà. Ìdì ọ̀fìọ̀ kan fún èmi, ìdì kan fún ọ. Ìwọ kì í gbé háhá rẹ̀ mì, ńṣe lo máa ń tu ú sí mi lẹ́sẹ̀, kí o tó sá. Kulikuli ńkọ́, èyí tí àwọn obìnrin Hausa ń ta ní Asawase, tó le tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá fi ń fi òkúta fọ́ ọ fún wa? Aádùn ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, òórùn aádùn la fi ń mọ̀ pé ará ilé ti wọlé, àgbàdo yíyan tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi epo àti oyin pò, tí wọ́n dì sínú ewé. Èmi tí n kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí títí di òní, inú ewé yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Kò sí èyí tí Màmá kì í pín nínú gbogbo wọn. Kí ó tó fún àwa tí a tẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, ti ẹni tí kò sí nílé ni ó kọ́kọ́ máa ń yọ sílẹ̀. Bàbá lè lo odidi oṣù kan ní Tamale nídìí òwò rẹ̀, aádùn rẹ̀ á wà nínú agolo bísikíìtì lórí pẹpẹ, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ìwọ fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, o mọ ohun tí ojú rẹ rí. Nígbà tí mo kéré, mo gbà pé agolo yẹn ló ń mú Bàbá padà wálé.

Ìwọ náà sì kọ́ ọ lára Màmá. Lọ́dún tí yìnyín bọ́ ní Kumasi, o kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Gbogbo ọmọ àdúgbò ń ṣa yìnyín jẹ, ìwọ ń ṣa tìẹ sínú fìlà. O ní ti Bàbá ni. O dà á sínú agolo Màmá, o dé e, o sì jókòó tì í kí ẹnikẹ́ni má baà jí i. Nígbà tí Bàbá ti ọjà dé tí o ṣí i, omi lo bá. Igbe tí o ké lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Asawase. Bàbá gbé agolo sẹ́nu, ó mu omi náà tán pẹ̀lú ìdọ̀tí fìlà rẹ tó wà nínú rẹ̀, ó ní òun kò mu ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Àárò Bàbá sọ mí.

Láti ìgbà tí o ti lọ ní 1949, ìwọ lo ni agolo náà. Kérésìmesì, Àjíǹde, ìkórè, àní ọjọ́ lásán tí Abena bá fún wa ní nkatie kéèkì, Màmá á yọ tìẹ sílẹ̀. Bí ó bá ku díẹ̀ kó bàjẹ́, á pè mí, á ní kí n wá bá àbúrò mi jẹ tirẹ̀ kó má baà ṣòfò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá ọ jẹ oúnjẹ rẹ. Bí o bá rí mi lónìí tí mo sanra, ẹ̀bi rẹ ni.

Lọ́jọ́ tí a ṣe áísìkírímù ọ̀fìọ̀ yẹn, Màmá to àwo mẹ́fà: tirẹ̀, ti bàbá Kwasi, tèmi, ti Kwasi, ti Abena, àti tìẹ. Ó bu tìẹ sínú agolo, ó dé e. Bàbá Kwasi rọra ṣàlàyé fún un pé kò ní pẹ́ yọ́. Ó ní ṣé òun sọ pé kò ní yọ́ ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó pè mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ti kan, eèrà sì ti bò ó. N kò lè jẹ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí n kò lè bá ọ jẹ tìẹ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó fi aṣọ tútù wé agolo náà, ó gbé e sẹ́bàá àmù níbi tó tutù jù nínú ilé. Ó ń dìde lọ wò ó ṣáá, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo ní kó jókòó, kí n máa bá a wò ó, kò gbà. Nígbà tó yá, ó gbé agolo jáde, ó da omi inú rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì dojú rẹ̀ dé kó gbẹ.

A tún ṣe é ní Sátidé ìjẹta. Màmá to àwo, márùn-ún ni. Mo rò pé ó gbàgbé, mo sì nawọ́ láti gbé ẹ̀kẹfà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Dinah, gyae, fi sílẹ̀. Cornelius ti di bàbá ọmọ. Bó bá fẹ́ jẹ tirẹ̀, á wá jókòó síbí jẹ ẹ́.” Kò bínú, kò sì gbóhùn sókè. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù.

Mo sọ fún ara mi pé nítorí pé áísìkírímù kì í pẹ́ yọ́ ni. Ṣùgbọ́n lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Abena gbé nkatie kéèkì wá fún wa, èyí tó lè wà fún oṣù kan tí nǹkan kan kò ní ṣe é. Màmá pín in, ó sì pín in tán pátápátá. Mo lọ wo agolo lórí pẹpẹ. Òwú àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló ti kó sínú rẹ̀.

Cornelius, ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo ṣe ń ráhùn tó látijọ́ pé ìpín méjì pọ̀ jù fún mi, lánàá tí mo jẹ ẹyọ kan, kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Màmá kò ṣàìsàn, kò sì kọ̀ ọ́. Ó kàn ń kọ́ bí a ṣe ń jẹun láìsí ìwọ níbẹ̀ ni, ó sì ti fẹ́ mọ̀ ọ́n. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n tán. Fi ọ̀rọ̀ òrùlé sílẹ̀ ná. Má fi aṣọ ránṣẹ́ mọ́, àpótí ti kún. Bí ilé ìwé bá ti parí ní Oṣù Kejìlá, mú Gladys àti ọmọ, kí ẹ wọ ọkọ̀, kí ẹ gba Kútọnu àti Lómẹ máa bọ̀. Màmá kò tíì gbé ọmọ rẹ rí.

Bá mi kí Gladys, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó. Bàbá Kwasi kí yín. Abena ní kí o wá, kí òun gbọ́ bóyá èdè Twi ṣì wà lẹ́nu rẹ. Kwasi ní kí n bi ọ́ pé èwo lo fẹ́, fànílà ni àbí ṣokoléètì.

O mọ bí ó ṣe máa ń rí bí mo bá fẹ́ parí lẹ́tà. Màmá á fa àpótí ìjókòó sún mọ́ mi, á máa sọ, èmi á máa kọ: má sùn sórí ilẹ̀ tútù, má jẹ ẹran tó ti sùn, kí ọ̀gá rẹ, kí onílé rẹ, máa gbàdúrà, títí ìwé á fi kún tí n óò máa kọ ọ́ sí etí rẹ̀. Lónìí náà mo pè é. Mo ní mo ti fẹ́ parí, kí ni kí n bá a sọ fún ọ? Ó ń ṣa ọ̀fìọ̀ lọ́wọ́, kò gbójú sókè.

Ó ní, “Bá mi kí i.”

Mo gbé kálámù dúró kí ó fi kún un. Ìyẹn nìkan ló sọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ṣọ́nà rẹ,
Dinah.