Orúnkún Tí Mo Fẹ́ Fi Kúnlẹ̀

Hayin Banki,
Kàdúná.

Rasheedah Àmọ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ìkókó tí mo gbọ́ pé ó ń fa irun rẹ tu. Ṣé ẹ jí ire? Ṣé àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò yọ yín lẹ́nu? Ọlọ́run tó mú ọ dé Àbújá nígbà tí o kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí àwọn tí o wá mọ̀ níbẹ̀ tàn ọ́ jẹ. Àmín. Alimat tó ń bá wa gbé ń wọ rélùwéè bọ̀ lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn ju káàdì fóònù lọ, fóònù náà sì ti sọ mí di òpùrọ́, bí wàá ṣe rí i níwájú.

Bàbá rẹ kí ọ. Ẹ̀rọ ata wa ń ṣiṣẹ́, àfi pé dísù, irin tó ń lọ ata, ti tún wọ́n. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá rẹ, kò tíì yéé sọ fún gbogbo àlejò pé ìwọ lo ra búláńkẹ́ẹ̀tì tí òun ń dà bora, bẹ́ẹ̀ ooru ń mú gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ orúnkún mi ọ̀tún ni mo fẹ́ sọ. Dókítà tí mo lọ bá ń jẹ́ Folúṣadé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kàdúná níbí, tó bá fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Hausa ló máa fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀wé, ó sì ní sùúrù. Ó ní kí n lọ ya fọ́tò orúnkún. Mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé yẹn, mo kun àtíkè, mo jókòó dáadáa. Nígbà tí fọ́tò jáde, egungun lásán ni, kò sí léèsì, kò sí àtíkè, owó tí wọ́n gbà sì ju ti onífọ́tò Kawo tó ń ya gbogbo ara lọ. Dókítà gbé e sí iwájú iná, ó ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ti jẹ tán, egungun ló ń ha egungun, pé àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Mo bi í pé orúnkún ta ni wọ́n fẹ́ fún mi, nítorí mi ò fẹ́ orúnkún ẹni tó jẹ gbèsè kú, kí àwọn olówó wá máa lé ẹsẹ̀ mi kiri. Ó ní irin ni. Mo bi í bóyá àlùwàlá kò ní mú kó dípẹtà. Ó ní rárá, Mama. Mo bi í pé ilẹ̀kùn báńkì tó máa ń pariwo bó bá gbúròó irin ńkọ́, ṣé ìta ni wọ́n á máa fi mí sí títí ayé? Ó ní tó bá pariwo, kí n ṣàlàyé fún wọn. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi kó sì lu òǹtẹ̀, nítorí mo mọ sìkíọ́ríìtì báńkì tiwa, kò gbọ́ àlàyé rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ún gbọ́ nìyí. Ó ní wọ́n máa fi irin bo orí egungun itan, wọ́n á fi bo orí egungun ojúgun, wọ́n á fi rọ́bà líle sáàárín. Ó wá ku egungun pẹlẹbẹ tó bo iwájú orúnkún, èyí tí a máa ń fọwọ́ tì tó ń yọ̀ síbí yọ̀ sọ́hùn-ún, tí èmi ń pè ní ìdérí. Ó ní àwọn dókítà kan máa ń ha ẹ̀yìn ìdérí yẹn, wọ́n á lẹ rọ́bà kékeré kan mọ́ ọn, àwọn kan á fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Mo ní ha, èyí kò lè jẹ́ àríyànjiyàn, ẹ̀rọ ata ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, bí a bá pààrọ̀ dísù kan tí a fi ògbólógbòó kojú rẹ̀, tuntun á jẹ ògbólógbòó tán ni, oníbàárà á sì máa rí irin nínú ata. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní orúnkún kì í ṣe ẹ̀rọ ata, egungun wà láàyè, ó máa ń mọ ara rẹ̀ bá ohun tó kojú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti tẹ̀lé ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n bo ti àwọn kan, wọ́n fi ti àwọn kan sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n nípa ìrora àti ìrìn, ìdáhùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àmọ́ lára àwọn tí wọn kò bò, àwọn díẹ̀ máa ń padà wá pé iwájú orúnkún ń dun àwọn, tí wọ́n á tún là á. Lára àwọn tí wọ́n bò náà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ìdérí máa ń sán.

Mo délé, n kò lè sùn nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò le: èwo nínú méjèèjì ni mo lè fi kúnlẹ̀? Ìwọ náà mọ̀ pé n kì í ra ohun tí n kò tíì rí lọ́wọ́ ẹlòmíì. Mo bá wá àwọn tí wọ́n ti ṣe é. Màmá Harriet wà ní Malali, wọ́n bo tiẹ̀. Hajiya Fatima wà ní Mando, wọn kò bo tiẹ̀. Mo pe àwọn méjèèjì lórí fóònù, mo bi wọ́n pé orúnkún ńkọ́. Màmá Harriet ní ògo ni fún Ọlọ́run. Hajiya ní alihamudulilai, lafiya lau, àlàáfíà ni. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé ohun tí wọ́n máa ń sọ kọ́ nìyẹn kí wọ́n tó là wọ́n?

Mo wá ronú. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo gbé Ìyá Àgbà dání. Kò sí obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé tó máa rí irun funfun Ìyá Àgbà tí kò ní kúnlẹ̀ kí i. Mo ti kìlọ̀ fún un pé tí wọ́n bá ti kúnlẹ̀, kó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀, kó máa bi wọ́n léèrè ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí n ráyè wò wọ́n. A dé Malali, Màmá Harriet jáde, ó rí i, ó di àga mú, ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tó dára kúnlẹ̀, ó wá fi èyí tí wọ́n là tẹ̀lé e, mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo òṣùwọ̀n alájàpá. Kí ó tó balẹ̀ tán ni Ìyá Àgbà ti ń pariwo pé dìde, dìde, ọmọ mi, ó tó. Mo já a léèékánná lábẹ́ ìborùn. Ó bá tú mi fó níwájú onílé, ó ní ṣèbí ìwọ lo ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ojú mi kò gbà á! Ojú tì mí, ṣùgbọ́n Màmá Harriet fi rẹ́rìn-ín ni, ó wá sọ òótọ́, ó ní ìrora àtijọ́ ti lọ, òun lè kúnlẹ̀, àmọ́ ara ibẹ̀ kú díẹ̀, ó dà bí ẹni pé orúnkún ẹlòmíì ni òun fi ń kúnlẹ̀.

Hajiya náà kúnlẹ̀ ní Mando. Nígbà tí Ìyá Àgbà ní kó sọ gaskiya, kó sọ òótọ́, ó ní iwájú rẹ̀ máa ń ta òun bí òun bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n òun kò ní fi í wé ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n bò ó o, wọn kò bò ó o, ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì fi orúnkún kàn. Nínú kẹ̀kẹ́, Ìyá Àgbà bi mí pé ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ máa kúnlẹ̀ kí ní ọjọ́ orí mi yìí, pé òun nìkan ló kù, òun sì ti fi jì mí. Mo ní èmi kò fi ji ara mi.

Ìgbà tí mo padà sí ọsibítù ni mo wá rí ara mi. Nọ́ọ̀sì kékeré kan jókòó tì mí, ó ń bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé mo lè gun àtẹ̀gùn, ṣé ìrora ń jí mi lóru, ṣé mo lè kúnlẹ̀ kí n sì dìde. Ọmọ tí n kò rí rí, obìnrin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, ṣé ibẹ̀ ni kí n ti máa ráhùn? Mo ní a dúpẹ́. Mo ní Ọlọ́run ń ṣe é. Mo ní kò burú, ọmọ mi, wàá fọwọ́ pa ọmọ lára. Dókítà Folúṣadé wo ohun tí ó kọ, ó ní Mama, orúnkún yín yìí dára ju tèmi lọ, ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Orí mi wú! Mo ní rárá o, kíkí ni mo pè é. Ó jókòó, ó ní ẹnu àwọn tí wọ́n là làwọn fi ń mọ ohun tó dára, tí mo bá parọ́ fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá là mí, ọ̀rọ̀ tèmi ni obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa fi ra ọjà. Ìyẹn wọ̀ mí lára, nítorí n kì í ta ata tó ní òkúta. Mo ní kó tún bi mí láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi a dúpẹ́ kankan kún un.

A ti fẹnu kò. Tó bá là á, ó máa wo ẹ̀yìn ìdérí, tó bá ti jẹ, ó máa bò ó, tí kò bá jẹ, ó máa fi sílẹ̀. Mo ní tó bá fi sílẹ̀, kí wọ́n yọ owó rọ́bà kúrò. Ó ní òun á bá wọn sọ ọ́.

Àmọ̀kẹ́, ní Jímọ̀ tó kọjá o pè mí, o ní orúnkún ńkọ́. Mo ní a dúpẹ́, ó ti fúyẹ́. O ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, wàá fi owó tí o tọ́jú fún un san ilẹ̀ ní ìparí oṣù. Mo ní Ọlọ́run á fi ṣe ibùgbé. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Alimat ló fà mí dìde lórí àpótí. Láti ìgbà ààwẹ̀ ni mo ti ń kírun lórí àga, iwájú orí mi kò kan ilẹ̀. Má tíì san ilẹ̀ yẹn. Ilé tí ìyá rẹ kò lè gun àtẹ̀gùn rẹ̀, ta lo fẹ́ kọ́ ọ fún? Apá tèmi nínú owó iṣẹ́ abẹ wà lọ́wọ́ bàbá rẹ, tìrẹ ló kù, fi ránṣẹ́ kí dókítà lè mú ọjọ́. Fi owó epo ẹ̀rọ kún un bí ó bá rọrùn.

Ọlọ́run á dá a padà fún ọ ní ìlọ́po, ilẹ̀ tó dára jù ú lọ á dúró dè ọ́, ìkókó rẹ á kúnlẹ̀ kí ọ, orúnkún kò sì ní dùn ún. Bí wọ́n bá là mí tán tí o pè, tí o bi mí pé ara ńkọ́, tí mo bá ní a dúpẹ́, má gbé fóònù sílẹ̀. Tún bi mí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ṣẹ̀fíátù.