Aṣọ Ilé-Ìwé Tí Màmá Rà ní Ginza

Bàbá mi,

"Chinami, gbórí ẹ sókè! Ìwọ lo wá rajà, àwọn ló yẹ kó tẹrí ba."

Ohun tí Màmá pariwo mọ́ mi láàárọ̀ yìí nìyẹn, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ní Ginza, àdúgbò ọjà Tokyo tí gbogbo ayé ń wá wò. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ tò, wọ́n ń tẹrí ba fún wa. Lèmi náà bá ń tẹrí ba padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe máa ń ṣe nílé wa ní Akita. Ẹ̀rín ì bá pa yín.

Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló ń dán. Mo jẹ kéèkì. Inú mi dùn gan-an ni.

Lẹ́yìn náà la gòkè lọ síbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ilé-ìwé. Obìnrin kan wọn èjìká mi, ó ní, "Ilé-ìwé wo ló ń lọ, mà?" Màmá dárúkọ ọ̀kan ní Tokyo níbí.

Mo ní, "Ṣebí ìsinmi la wá lò?"

Màmá fà mí sẹ́yìn àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, ó ń sunkún. "Jọ̀ọ́, má sọ fún bàbá ẹ. Tó bá gbọ́, á wá mú ẹ lọ, mi ò sì ní fojú kàn ẹ́ mọ́."

Bàbá, tí mo bá sọ, Màmá lọ nìyẹn. Tí mi ò bá sọ, ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ẹ ní kí wọ́n má tíì ká ẹní mi.

Mo ti pinnu, mi ò sì ní sọ fún ẹnì kankan: mo máa fa lẹ́tà yìí ya. Èyí tí ẹ máa rí gbà á sọ pé à ń gbádùn, pé a ò ní pẹ́ dé.