Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Mí Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le, iṣẹ́ sì dùn. Láti Ṣikágò dé Kalifọ́níà ni ọkọ̀ ojú irin wa ń sáré bí ẹni ń fò lójú àlá, tí koríko ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí omi òkun. Èmi ni mo ń tẹ́ ibùsùn àwọn olówó, tí mo sì ń dán bàtà wọn. Wọ́n fẹ́ràn àwa ìránṣẹ́ débi pé George, orúkọ ọ̀gá tó ni ọkọ̀, ni wọ́n ń pe gbogbo wa.

Ezra, ẹlẹgbẹ́ mi, ní, "Ọmọ ìyá, ìyá wa mà bímọ o! Orúkọ kan ṣoṣo ló sì rí sọ gbogbo wa."

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ìyá arúgbó kan rọra bi mí pé, "George, kí lorúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́ gan-an?"

"George ni, mà."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Kí n tó ṣàtúnṣe, oorun ti gbé ìyá arúgbó náà lọ.

Ẹ má ṣèyọnu, mò ń jẹun dáadáa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá béèrè pé ta ló kí àwọn, ẹ dárúkọ bàbá yín tí ẹ fi sọ mí, kí ẹ sì pè é sókè.

Ọmọ yín,
Alonzo