Màmá Mi, Ẹ̀rọ Náà ti Ń Gbọ́ Yorùbá

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjà, ẹ kú àdúrà tí kì í sú yín. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù níbí. Mo kí Bàbá mi, tíṣà àgbà, torí mo mọ̀ pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ gba ìwé ìròyìn yìí mọ́ yín lọ́wọ́. Mo kí Bọ̀dá Ṣẹ́gun àti ìyàwó wọn. Mo kí àwọn ìyá ẹgbẹ́ akọrin, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń tajà ní Ọjà Igbó. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀?

Ẹ óò bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé lẹ́tà yín sójú gbogbo ayé nígbà tí fóònù wà. Màmá, ohun tí mo fẹ́ sọ ti kọjá orí fóònù. Mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń yí bọ́tìnnì míksà, ẹ̀rọ tó ń darí ohùn, ní ṣọ́ọ̀ṣì kiri Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, tí àwọn òbí wọn ń bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n máa wá iṣẹ́ gidi, bá yín kà á.

Ibẹ̀ náà ni èmi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọ wa ra míksà tuntun, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Ó ń hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, títí kan ìgbà tí wòlíì bá ń gbàdúrà. Èmi ni mo jókòó tì í títí ó fi gbọ́ràn. Bàbá ní kì í ṣe torí ìyẹn ni àwọn ṣe rán mi lọ sí yunifásítì. Ẹ̀yin ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ẹni tó lè pa ariwo lẹ́nu mọ́ kò ní ráre láyé.

Nígbà tí mo dé ìlú yìí, mo rí iṣẹ́ ẹnjiníà ohùn ní sítúdíò kan. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Òtútù ló kọ́kọ́ fẹ́ lé mi padà wálé. Ọyẹ́ tiwa ń bẹ́ni létè ni. Eléyìí ń wọnú egungun lọ jókòó. Tó bá di ìgbà rẹ̀, oòrùn á yọ bí ẹni tí wọ́n fi tipá jí, á sì ti padà lọ sùn kí oúnjẹ ọ̀sán mi tó dà. Mo lè wà nínú yàrá láti ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Bí wọ́n bá sì wá pè é níbi iṣẹ́, wọn á pè é bíi pé ó ń jó wọn lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Fúnmi fi wọlé wá. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìkòyí-Ilé, ẹgbẹ́ mi sì ni. Ó fẹ́ gba orin kan sílẹ̀ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, tó dúró tì í nígbà tó ṣàìsàn. Lẹ́yìn tó kọrin tán, ọ̀gá mi fi ètò kọ̀ǹpútà kan tí ọ̀pọ̀ sítúdíò ń lò tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bí ohùn akọrin bá yẹ̀ díẹ̀, ètò náà á fà á lọ síbi tó rò pé ó yẹ kó wà. Fún orin òyìnbó, kò séwu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èdè wa, Màmá: ibi tí ohùn bá gbà ni ìtumọ̀ ń gbà. Nígbà tí orin náà jáde, “ọkọ mi, mo dúpẹ́” ti di “ọkọ̀ mi, mo dúpẹ́.”

Fúnmi bú sẹ́rìn-ín, ó ní àbí mọ́tò òun ni òun ń kọrin fún ni. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọkùnrin tó ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun ní ọsibítù, òun kò ní fi irú orin yìí dá a lọ́lá. Ọ̀gá mi ní kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ta ló máa mọ̀? Mo ní èmi mọ̀. Mo yọ ètò náà kúrò lára orin Fúnmi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Mo ń rò ó pé orin wa mélòó ni ẹ̀rọ ti yí lọ́rọ̀ padà, tí àwa náà sì ń jó sí i?

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Ìgbà yẹn ni mo ní kí ẹ máa fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí Wasáàpù: kí ẹ kọrin, kí ẹ polówó ọjà, kí ẹ gbàdúrà, kí ẹ bá ẹni tó yẹ wí. Ẹ bi mí pé ṣé ohùn ni wọ́n ń jẹ lọ́hùn-ún ni. Síbẹ̀ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ sì kó gbogbo ẹgbẹ́ akọrin mọ́ ọn. Bàbá náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní àwọn kò dá sí i, ka Sáàmù fún mi pẹ̀lú ohùn Ọ̀yọ́ wọn tó já gaara. Ohùn yín ni mo fi kọ́ ẹ̀rọ pé bí Yorùbá bá gòkè, bó bá sọ̀kalẹ̀, tàbí tó rọra yọ́ láti ibì kan dé ibòmíràn, kò ṣàṣìṣe. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Mi ò sọ fún yín nígbà náà pé ohùn yín yìí náà ni ẹnìkejì mi nínú yàrá.

Mo fi sítúdíò sílẹ̀ kí n lè ráyè ṣe é. Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó láàárọ̀, mo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án. Owó gbẹ lọ́wọ́ mi débi pé ẹ̀yin tó yẹ kí n máa fowó ránṣẹ́ sí lẹ ń bi mí bóyá kí ẹ fi gàrí ránṣẹ́.

Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ ńlá kan gbọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á pátápátá. Inú mi dùn títí mo fi béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní ọgbọ́n inú rẹ̀ ni àwọn nílò fún nǹkan mìíràn. Ti Yorùbá yẹn, àwọn máa gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ọjà rẹ̀ kéré. Owó náà tó kọ́ ilé, Màmá. Mo pè yín. Ẹ kò ní kí n gbà á, ẹ kò ní kí n kọ̀ ọ́. Ẹ kàn ní ẹni tó fẹ́ ra gbogbo igbá ẹni láti lọ kó o pamọ́ kì í ṣe oníbàárà. Ẹ wúre fún mi, ẹ ní èèyàn ti ń dúró dè yín nísọ̀, ẹ pa fóònù. Mo sunkún dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sọ fún wọn pé rárá.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ orin ṣe ìpàdé ńlá kan níbí, wọ́n sì fún mi láàyè díẹ̀ lórí pèpéle. Mo bẹ Fúnmi, ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó wé gèlè, ó bá mi lọ. Ó kọrin rẹ̀, mo sì kọ́kọ́ fi ètò àtijọ́ gbé e jáde. Mo rí àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan ní ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, tí ẹ̀rín ń pa wọ́n. Mo wá fi tiwa gbé e jáde. Orin náà mọ́, ó gún régé, ọkọ sì jẹ́ ọkọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn fò dìde, wọ́n hó yèè bíi pé wọ́n gbá góòlù wọlé. Ọkùnrin kan láti Fiẹtináàmù wá di ọwọ́ mi mú, omi lé lójú rẹ̀. Ó ní èdè tiwọn náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, pé òun ti rò pé òun nìkan ni ẹ̀rọ ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Òun ni oníbàárà wa àkọ́kọ́.

Màmá, ilẹ̀kùn ti ṣí! Wọ́n ń lò ó ní Ìbàdàn, wọ́n ń lò ó ní Èkó, wọ́n ń lò ó ní àwọn ìlú tí n kò lè pe orúkọ wọn tán. Mo ti ń san owó oṣù fún àwọn tí wọ́n kàwé jù mí lọ. Ọ̀gá mi àtijọ́ gan-an ra tirẹ̀. Ọkọ Fúnmi ti fi orin náà sí fóònù rẹ̀, ìyẹn ló ń dún bí wọ́n bá pè é, kì í sì í tètè gbé e.

A ti gba ilé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí ọjà yín. Ibẹ̀ ni olú ilé iṣẹ́ wa yóò wà, kì í ṣe ibí. Sítúdíò kékeré kan yóò wà ní Ọ̀yọ́ lápá Akẹ̀sán, torí Bàbá ní bí mo bá fo ìlú àwọn, kí n má pe àwọn mọ́. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ní Bàbá ti ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń ṣàlàyé kò jọ iṣẹ́ mi rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún un ṣe fún wọn.

Mo ń bọ̀ wálé lọ́dún Àjíǹde. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ akọrin kí wọ́n múra, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kọrin nílé iṣẹ́ wa tuntun. Mi ò ní tan ètò kankan, àní tiwa pàápàá. Bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ ni n ó ṣe gbà á.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, Màmá. Ẹ̀yin àti Bàbá ẹ ó jókòó jẹun ọmọ, ojú yín kò ní rí ibi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kí ará ìjọ, kí ará ọjà. Kí ẹni tí mo gbàgbé orúkọ rẹ̀ má bínú, ó wà lọ́kàn mi.

Èmi ni ọmọ yín tí ayọ̀ kún inú rẹ̀,
Àbẹ̀kẹ́