Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Ajórin, Tó Ṣe Àwo Ọ́ìlì Tí Ẹlòmíràn Kọ Orúkọ Ara Rẹ̀ Sí

Ọdún 1951 ni a bí Màmá wa, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, ẹni tó ń fi páànù ṣe garawa. Aránṣọ ni ìyá wọn. Màmá ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin, àwọn nìkan sì ni obìnrin.

Lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ irin jíjó ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Olùkọ́ ní kí wọ́n lọ sí kíláàsì aṣọ rírán. Wọ́n lo ọjọ́ kan níbẹ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí àwọn rí nílé ti tó, wọ́n sì padà sídìí iná.

Ní 1974, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, mẹkáníìkì ẹgbẹ́ kan tó ń fi mọ́tò sáré ìje. Ẹgbẹ́ náà ni Màmá ń bá jó páìpù èéfín. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1981 ni ẹgbẹ́ náà ṣẹ ìdílé yìí. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta nọ́ọ̀kì láàárín oṣù méjì, gbogbo rẹ̀ ní kọ́nà kan náà. Ọ̀gá ẹnjiníà ẹgbẹ́ náà kò tú ọ̀kankan wò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé mẹkáníìkì gbàgbé láti rọ ọ́ìlì, ó sì lé Bàbá. Àwọn tó ti bá Bàbá jẹun pọ̀ wá ń pè wọ́n ní Gbàgbé-Ọ́ìlì lójú pópó. Bàbá tí kì í jáde láìfọwọ́ ti ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì!

Màmá gbé àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì kẹta wálé, wọ́n gbé e sórí tábìlì ìdáná, wọ́n bu ọ́ìlì sí i, wọ́n ní kí àwa ọmọ dì í mú, kí a fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ọ́ìlì rọ́ lọ síbẹ̀; ibi tí pọ́ǹpù ti ń fà á gbẹ táútáú. Wọ́n pe Bàbá.

“Ọ́ìlì tí ẹ rọ pé,” ni Màmá wí. “Bí mọ́tò bá ń yà pẹ̀lú eré, ọ́ìlì ń sá fún pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bú yín lójú mi.”

Bàbá jókòó sórí àpótí, wọ́n sunkún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá fi fẹ ẹ̀gbẹ́ àwo náà kí ó lè gba ọ́ìlì sí i. Wọ́n jó ògiri kéékèèké sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn mẹ́rin sí i, tó ń ṣí sọ́dọ̀ pọ́ǹpù nìkan, kí ọ́ìlì má lè sá padà. Awakọ̀ ẹgbẹ́ náà gbà á, ó dè é mọ́ mọ́tò. Jálẹ̀ ọdún náà, ẹ́ńjìnnì kankan kò nọ́ọ̀kì mọ́.

Kí ni ọ̀gá ẹnjiníà wá ṣe? Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àwo náà, ó gbé e kọ́ ògiri ọ́fíìsì. Kò pe Bàbá padà. Nígbà tí Bàbá kú ní 1996, níbi ìsìnkú gan-an, àwọn kan ṣì ń sọ Gbàgbé-Ọ́ìlì. Létí wa ni wọ́n ti sọ ọ́.

Màmá kọ́ ọmọbìnrin mọ́kànlá ní iṣẹ́ irin. Fún ọgbọ̀n ọdún, Màmá ló ń tún àga irin ilé ìjọsìn jó lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń gbàdúrà fún, àfi ẹnì kan, wọn kò sì fi í pa mọ́ fún àlùfáà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ẹgbẹ́ náà pè wọ́n síbi àjọyọ̀ rẹ̀, pé kí wọ́n wá ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo náà. Màmá fi ọ̀pá rìn débẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ará ẹgbẹ́ náà gbé ìwé iṣẹ́ 1981 wá. Máníjà ẹgbẹ́ náà gbé e wá, ṣùgbọ́n ó ní a kì í fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ àtijọ́. Màmá yọ bírò, wọ́n fa igi lé ìlà náà, wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Irọ́ ni. Ọkọ mi rọ ọ́ìlì.” Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọn kò dúró ya fọ́tò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n sùn, wọn kò jí. Ẹgbẹ́ náà fi òdòdó ránṣẹ́, wọ́n kọ sára rẹ̀ pé “Ìyàwó mẹkáníìkì wa àtijọ́.” A ti dá a padà. Ìdí nìyí tí ẹ fi rí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

Màmá fi ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta, tí àkọ́bí jẹ́ ajórin, àti ọmọ-ọmọ méje.

Màmá, ẹ bá wa kí Bàbá. Kí Ọlọ́run tó rí gbogbo rẹ̀ tẹ́ ibùsùn tó tutù fún yín. Ẹ sùn ire.