Pẹ́dà Tí Yóò Gba Ipò Sẹ̀wánù

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Pẹ́dà méjì ni ọlọ́jà kan ní Ìjànìkín gbé síwájú mi lónìí. Bí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò gba ohùn gìtá sílẹ̀, yóò sì máa tún un lù kí ènìyàn lè lu òmíràn lé e. Ọ̀kan ní bọ́tìnnì kan, èkejì ní méjì. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ iná mànàmáná tí mo kọ́ ní poli, n kò lè yàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dán an wò ná," ni ọlọ́jà náà wí.

Mo lu ohùn ìsàlẹ̀ orin ìjọ wa. Pẹ́dà náà ń tún un lù ṣáá. Ohùn tí Sẹ̀wánù máa ń lù ni, ẹni tí a jọ ń lu gìtá ní ìjọ tẹ́lẹ̀. N kò rí ohun tí n ó lù lé e.

Èmi ni mo sọ fún olórí akọrin pé Sẹ̀wánù mutí wá sí ìsìn. Irọ́ ni. Mo fẹ́ dá gìtá lù ni. Wọ́n sì lé e.

Mo fi ọjà sílẹ̀, mo lọ bá a ní Ajido. Ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo jẹ́wọ́, mo ní n ó sọ òtítọ́ níwájú ìjọ lọ́la, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó padà wá.

"Sọ ọ́ tí o bá fẹ́. Ṣùgbọ́n lọ ra ẹ̀rọ rẹ, ọ̀rẹ́. Ẹ̀rọ kì í mutí."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nídìí ẹja tí ó ń yan. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. N kò mọ ìdí rẹ̀.

Ara mi kú títí di ìsinsìnyí. Sẹ̀wánù kò ní padà wá.

Síbẹ̀, n ó sọ ọ́ lọ́la.